Bí Ìlò Ti Ń Kọ́ Ọpọlọ Ọmọdé

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ìyá ọmọ kan ní Mushin bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn. Ojú tì mí, nítorí pé ìbéèrè náà kan ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi. Mo lọ wádìí rẹ̀ nínú ìwé àti lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ, mo sì rí i pé ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa yìí.

1. Ìbéèrè Ìyá Ọmọ Náà

Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì wà ní kíláàsì kẹta. Ó gbọ́n, ó sì máa ń dáhùn ìbéèrè ẹnu kánkán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé, òun ni í kẹ́yìn. A máa kọlu tábìlì bí ó bá ń kọjá, a sì máa yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹyẹ tí ń wo ọkà. Èmi tí n kò mọ ìdí ọ̀ràn pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì dá a dúró lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti parí, nígbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọjọ́ kan ni mo wá ṣàkíyèsí pé apá òsì nìkan ni ó fi ń kọlu nǹkan. Mo ní kí ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí ó sì ka ohun tí mo kọ. Ó dákẹ́. Mo na ìka mẹ́ta síwájú rẹ̀, kò mọ iye tí wọ́n jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú òsì náà mọ́, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó gbé ọmọ-ọwọ́ kan dání, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sọ fún mi pé a bí ẹ̀gbọ́n yìí pẹ̀lú ohun funfun kan nínú ọmọlójú òsì. Àwọn àgbà ilé sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀, owó kò sì sí. Ọmọ náà pé ọdún márùn-ún kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, tí dókítà sì yọ funfun náà kúrò.

"Tísà," ni ìyá náà wí, "ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi. Dókítà yọ funfun náà tán, ojú mọ́, wọ́n sì fún ọmọ ní awò ojú. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn. Èéṣe tí ìmọ́lẹ̀ kò fi wọlé?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n lọ béèrè."

2. Ojú Kò Ríran Fúnra Rẹ̀

Ohun kìn-ín-ní tí mo kọ́ ni pé ojú kì í ṣe ibi tí ìríran parí sí. Ojú dà bí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ a gba ọmọlójú wọlé, a kọjá nínú ohun kan tí ó mọ́ bí jígí, a sì bọ́ sórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ẹyinjú. Awọ yìí a sọ ìmọ́lẹ̀ di iṣẹ́ rírán, iṣan a sì gbé iṣẹ́ náà lọ sínú ọpọlọ, títí dé apá ìpàkọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé ohun tí a rí jẹ́ ewúrẹ́ tàbí igi, pé lẹ́tà yìí jẹ́ A tàbí B. Funfun tí ó wà lójú ọmọ náà, tí àwọn dókítà ń pè ní kataráàtì, bo jígí inú ojú bí ìkùukùu, kò sì jẹ́ kí àwòrán kankan dé orí awọ ẹ̀yìn ojú ní mímọ́.

Yorùbá ń pe ohun púpọ̀ ní iṣan: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni, okùn tí ń fa egungun ni. Iṣan tí mo ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ń jíṣẹ́ láàárín ẹ̀yà ara àti ọpọlọ. Inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba iṣẹ́ kí wọ́n sì tún un rán. Ní 2009, Suzana Herculano-Houzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Brazil ka irú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, wọ́n sì rí i pé nínú ọpọlọ àgbàlagbà wọ́n tó bílíọ̀nù 86. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ní ìsopọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn mìíràn. Iná mànàmáná kékeré ni ó ń sáré gba ara sẹ́ẹ̀lì kan kọjá. Nígbà tí ó bá dé ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé, oje kan a tú jáde láti ta èkejì jí.

Ìsopọ̀ wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Ní 1949, Donald Hebb, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń ta òmíràn jí léraléra, ìsopọ̀ àárín àwọn méjèèjì yóò máa lágbára sí i. Ní 1973, Bliss àti Lømo fi hàn nínú ọpọlọ ehoro pé bí a bá ń rán iṣẹ́ kánkán gba ìsopọ̀ kan, ìsopọ̀ náà a máa lágbára sí i lóòótọ́, agbára náà a sì pẹ́. Ẹni tí ó bá dàgbà ní abúlé kò ní ṣòro fún láti gba èyí gbọ́. Ọ̀nà oko tí ènìyàn ń tọ̀ lójoojúmọ́ a máa mọ́, a sì máa fẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tọ̀ mọ́, koríko a bò ó títí a ó fi máa béèrè bóyá ọ̀nà wà níbẹ̀ rí.

3. Ọ̀pọ̀ Ni A Ń Gbìn, Díẹ̀ Ni A Ń Dá Sí

Bí ẹ bá wo àwùjẹ ọmọ-ọwọ́, ẹ ó rí i tí ó ń mì. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá ti ń lọ lọ́wọ́. Peter Huttenlocher, dókítà kan ní Chicago, fi ọdún púpọ̀ ka àwọn ìsopọ̀ inú ọpọlọ ènìyàn láti ìgbà ọmọdé títí dé àgbà. Ó rí i pé ní apá tí a fi ń ríran, ìsopọ̀ a máa pọ̀ sí i kíákíá títí ọmọ yóò fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí ọdún kan; lẹ́yìn èyí wọn a bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ bá pé nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, ìdajì tàbí díẹ̀ lé ní ìdajì ni ó kù.

Dídín kù yìí kì í ṣe àdánù. Àgbẹ̀ tí ó gbin hóró àgbàdo mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ihò kan mọ̀ pé òun kò ní dá gbogbo wọn sí. Èyí tí ó bá ta gbòǹgbò dáradára ni yóò kù, òun ni yóò sì so. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ọmọdé rí: a fún un ní ìsopọ̀ ju ohun tí yóò lò lọ, ìlò ni ó sì ń yan èyí tí yóò kù.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Ìlò kọ́ ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ohun tí ọmọ jogún láti ara bàbá àti ìyá rẹ̀ ni ó darí iṣan ojú lọ sí ibi tí ó yẹ nínú ọpọlọ, kì í sì í ṣe sí ibi ti etí. Ṣùgbọ́n àjogúnbá kò parí ilé náà. Ó gbé ògiri ró, ó sì fi ìlò sílẹ̀ láti pín yàrá.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Kí a tó bí ọmọ, inú òkùnkùn ni ó wà, ìlò wo ni ojú rẹ̀ ń rí níbẹ̀?" Ìbéèrè rere ni. Ní 1988, Galli àti Maffei ní ilẹ̀ Ítálì wádìí ojú ọmọ eku tí a kò tí ì bí, wọ́n sì rí i pé awọ ẹ̀yìn ojú ti ń rán iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ní 1991, Carla Shatz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iṣẹ́ wọ̀nyí kì í jáde rúdurùdu. Wọ́n ń lọ ní ìgbì, sẹ́ẹ̀lì kan a ta èkejì rẹ̀ jí, bí ìgbì omi ọ̀sà tí ń rọra bọ̀ wá sí etí Èbúté-Mẹ́ta. Nípa báyìí ọpọlọ ń mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ aládùúgbò ara wọn nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Àti nítorí pé ìgbì ojú ọ̀tún àti ti ojú òsì kì í bọ́ sí àkókò kan náà, ó ń ya ọ̀nà ojú kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì. Kí èyí tó di mímọ̀, ní 1988 kan náà, Shatz àti Michael Stryker ti fi oje olóró kan tí a ń rí lára ẹja pa iṣẹ́ rírán yìí lẹ́nu mọ́ nínú ọmọ ológbò tí a kò tí ì bí. Iṣan láti ojú méjèèjì kò ya ara wọn sọ́tọ̀. Wọ́n wà ní lílọ́ pọ̀. Ọpọlọ ń dán ara rẹ̀ wò kí ayé tó tàn sí i, bí onílù ti ń dán ìlù wò kí àlejò tó dé.

4. Ọmọ Ológbò Tí A Di Lójú

Nísinsìnyí a lè padà sí Mushin. Àwọn ọkùnrin méjì tí ó là á yé ayé ni David Hubel, tí a bí ní Kánádà, àti Torsten Wiesel, ọmọ ilẹ̀ Swídìn. Ní 1963, nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì Harvard, wọ́n kọ nípa àwọn ọmọ ológbò tí wọ́n rán ìpéǹpéjú kan pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ayé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà, ojú fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ológbò náà kò lè fi í ríran. Wọ́n yẹ apá ìríran inú ọpọlọ wò, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀ tí ó tún ń dáhùn sí ojú tí a dì. Gbogbo wọn ti di ti ojú kejì. Wọ́n ṣe irú nǹkan kan náà fún ológbò tí ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò ṣe é ní ibi kankan. Àkókò kan ni ó wà, nígbà èwe, tí ọ̀ràn náà ti le.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1965. Wọ́n di ojú méjèèjì. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ìparun náà yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣì ń dáhùn pọ̀ ju bí wọ́n ti retí lọ. Nítorí náà kì í ṣe àìlò nìkan ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ojú tí a dì, bí kò ṣe pé èkejì rẹ̀ ń lò, tí òun kò sì lò. Àwa ará Èkó mọ bí èyí ti ń rí. Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀ sí Surulere tí kò sì kọ́ nǹkan kan sí i, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń kọ́lé lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí ọgbà aládùúgbò náà yóò fi sún díẹ̀, tí yóò sì tún sún díẹ̀ sí i, títí onílẹ̀ yóò fi dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ tí kò ní rí ibi tẹsẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ méjèèjì bá ṣófo, ààlà wọn yóò wà níbi tí ó wà. Nítorí iṣẹ́ yìí àti òmíràn bí irú rẹ̀, Hubel àti Wiesel gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, àwọn àti Roger Sperry.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá ọmọ náà nìyí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé. Ṣùgbọ́n fún ọdún márùn-ún tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì, ojú ọ̀tún ti gba gbogbo yàrá inú ilé, ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé kò sì rí ẹni tí yóò gbà á lálejò. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ojú fi fẹ́ kí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí ó bá jẹ́ ojú kan ni kataráàtì wà. Bí ó bá jẹ́ ojú méjèèjì, kí ó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ rí i pé ti ojú kan ni ó ń kánjú jù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ààlà ilẹ̀ ti fi hàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

5. Etí Àti Ohùn Èdè Wa

Bí ti ojú ti rí ni ti etí rí. Ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ní 1980, DeCasper àti Fifer fi hàn pé ọmọ tuntun mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà lè ya ìró inú èdè àjèjì sọ́tọ̀ sí ara wọn, èyí tí àwọn òbí rẹ̀ kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi máa pé ọdún kan, etí rẹ̀ ti dà bí ti àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀nà tí a kò tọ̀ ti di igbó.

Fún àwa Yorùbá, ohùn ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn, báwo ni yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tàbí ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀? Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2000 lórí àwọn ọmọ-ọwọ́ Yorùbá fi hàn pé láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, etí wọn ti ń mú ìyàtọ̀ ohùn tí etí ọmọ-ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò mú. Ìyá tí ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì lórí ẹní kò fi àkókò ṣòfò: ó ń la ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí etí ọmọ náà bá di ńkọ́? A kì í rí i lójú. Ọmọ adití a máa sunkún, a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa fi ojú tẹ̀ lé ènìyàn. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni ilé tó ń fura. Ibà pọ́njú tí ó bá le lára ọmọ tuntun wà lára ohun tí ń fa irú àìsàn yìí ní ilẹ̀ wa. Ní Èkó níhìn-ín, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ronú pé níwọ̀n bí kì í ti í ṣe gbogbo ìyá ni ó ń bímọ sí ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibi abẹ́rẹ́ náà ni ó yẹ kí a ti yẹ etí ọmọ wò. Láàárín 2005 àti 2006, wọ́n yẹ etí àwọn ọmọ-ọwọ́ tí ó ju 2,000 lọ wò ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì fi hàn pé a lè tètè mọ àwọn tí etí wọn kò gbọ́. Èrè ìtètèmọ̀ pọ̀. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé àwọn ọmọ adití tí a tètè mọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, tí a sì ràn lọ́wọ́, ní èdè lẹ́nu tàbí lọ́wọ́ ju àwọn tí a pẹ́ kí a tó mọ̀ lọ.

Mo ní lẹ́nu tàbí lọ́wọ́, nítorí pé ọpọlọ kò bìkítà bóyá ẹnu ni èdè gbà wọlé tàbí ọwọ́. Ohun tí ó ń fẹ́ ni èdè, kí ó sì tètè dé. Nígbà tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ ni ó mú wá fún wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití sì wà ní Surulere wa níhìn-ín.

6. Ilẹ̀ Kì Í Ṣòfò

Kí a wá sọ nípa ọmọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò lè ríran mọ́ láé. Ṣé apá ìríran inú ọpọlọ rẹ̀ yóò wà lásán ni? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1996, Norihiro Sadato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn tí ó ti fọ́jú láti kékeré wò nígbà tí wọ́n ń fi ìka ka ìwé braille, wọ́n sì rí i pé apá ìpàkọ́, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ojú, ń ṣiṣẹ́. Ìka ti gba oko ojú ro. Òfin kan náà tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ojú òsì ọmọ Mushin náà ni ó fún ìka afọ́jú ní ilẹ̀ tí yóò fi ka ìwé. Láti 1962 ni Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti wà ní Surulere fún àwọn ọmọ tí kò ríran àti àwọn tí ìríran wọn kò tó. Ẹni tí ó bá rí ọmọdé tí ó ń ka braille yẹ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ìka nìkan ni ó ń kàwé. Gbogbo orí rẹ̀ ni.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kọ́ yìí dẹ́rù ba òbí tàbí kí a fi kọ ọmọ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni ó ní ìgbà tí ń tètè kọjá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó kọ́ ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ nígbà tí wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ. Fún ojú pàápàá, Pawan Sinha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣètò kí a yọ kataráàtì lójú àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà ní ilẹ̀ Índíà, púpọ̀ nínú wọn sì rí ìríran díẹ̀ tí ó wúlò, bí kò tilẹ̀ pé. Ilẹ̀kùn náà kì í tì pa lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ó ń wúwo sí i.

7. Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí a lè ṣe.

(i) Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ sọ ọ́ di eré: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bo ojú kan, kí ó ka lẹ́tà lójú pátákó, kí ó sì bo èkejì. Ọmọ tí ojú kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún kò mọ̀ pé ohun kan ṣe òun. Kò ní sọ fún ọ.

(ii) Kí olùkọ́ dúró lẹ́yìn ọmọ, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí kò bá yíjú padà lè má jẹ́ aláìgbọràn.

(iii) Bí ojú ọmọ kan bá ń wo ọ̀nà ọ̀tọ̀ sí èkejì, kí a má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì sọ pé ẹwà ni. Ọpọlọ lè kọ̀ láti máa gba iṣẹ́ ojú tí ó yà náà. Láti 1743 ni Buffon, ará Faransé, ti kọ ọ́ pé kí a máa bo ojú tí ó dára kí aláìlera lè ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì ń ṣe. Àwọn ni yóò sọ iye wákàtí, kì í ṣe olùkọ́. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí i pé a kò fi ọmọ tí ó lẹ ojú pọ̀ rẹ́rìn-ín.

(iv) Bí ohun funfun bá wà nínú ọmọlójú ọmọ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ó lè jẹ́ kataráàtì. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tí ń gba ẹ̀mí. Kí a má ṣe kán omi ewé tàbí omi ọmú sí i. Fún àwa tí a wà ní Mushin, Surulere àti Yaba, ilé-ìwòsàn LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ilé ìtọ́jú ojú tí a ń pè ní Guinness sì wà nínú ọgbà rẹ̀.

(v) Kí a gba àwọn ìyá níyànjú láti máa bá ọmọ-ọwọ́ sọ̀rọ̀, láti máa kọrin fún un, kí wọ́n sì máa fi nǹkan hàn án. Èyí kò gba owó.

Mo padà lọ bá ìyá náà. Mo fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọgbà ṣe àlàyé fún un, ó sì yé e kíákíá ju bí ó ti yé mi lọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ-ọwọ́ tí ó gbé dání, ó sì ní, "Tísà, èyí ńkọ́?" Mo sọ fún un pé kataráàtì a máa rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn, àti pé kí ó má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó gbé ọmọ náà lọ, wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n sì rí i pé ojú méjèèjì mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú padà sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ń bo ojú ọ̀tún rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́. Wọn kò ṣèlérí púpọ̀ fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kí sáà wa tó parí, ó ti ń fi ojú òsì náà ka iye ìka tí mo bá nà sí i, bí mo bá súnmọ́ ọn.

Mo yí ìjókòó rẹ̀ padà sí apá òsì kíláàsì, níbi tí pátákó àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi wà ní ọ̀tún rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò kẹ́yìn mọ́ nínú àdàkọ. Mo sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo kíláàsì, níbi tí mo ti pè é ní ọ̀lẹ.